Fẹ̀sọ̀jayé Kì Í Gun Òkè Olókè

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ọláńrewájú Fẹ̀sọ̀jayé, ọmọ Ọ̀wọ̀, dúró lẹ́nu géètì òkè kan nílùú òyìnbó, ó ní òun kò ní gbẹ́sẹ̀ kan síwájú mọ́ àfi tí òun bá kọ́kọ́ rí ẹni tó ni òkè náà kí òun kí i. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ṣèyíọlá, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ló mú un jáde lọ́jọ́ Sátidé kí wọ́n lọ najú. Òkè náà kò ga. Pátákó tí wọ́n kàn mọ́ géètì sọ pé igba mítà ó dín mẹ́sàn-án ni. Àwọn arúgbó ń gùn ún. Àwọn ọmọ ọwọ́ ń gùn ún lẹ́yìn bàbá wọn. Ajá kan tilẹ̀ ń ti orí ẹ̀ bọ̀ lójú wọn lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló ní.

"Dádì, kò sẹ́ni tó ni ín," Ṣèyíọlá wí. "Gbogbo ayé ló ni ọ̀nà yìí."

"Ohun tí gbogbo ayé bá ni, ẹnì kan máa wà níbì kan tí inú ń bí lórí ẹ̀," bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ta ni ọba ibí?"

"Ọba kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Lọ́ńdọ̀nù ló sì ń gbé."

"Ìyẹn jìnnà. Ta ni baálẹ̀?"

Obìnrin tó ni ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló yọ wọ́n. Ó ní ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Abigail ló ni oko tí òkè náà wà nínú ẹ̀, ilé rẹ̀ ló ní ilẹ̀kùn pupa lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Fẹ̀sọ̀jayé gba ibẹ̀ lọ. Abigail kò sí nílé. Àwọn tó wà nílé ni ẹyẹ funfun mẹ́fà kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ṣùgbọ́n tí ọrùn wọn gùn, wọn kò sì fẹ́ràn àlejò. Fẹ̀sọ̀jayé kí wọn, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó sọ iṣẹ́ tí òun bá wá. Ọ̀kan nínú wọn bù ú jẹ ní kókósẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá padà sílé. Fẹ̀sọ̀jayé yọ obì àbàtà mẹ́rin jáde nínú àpò kóòtù rẹ̀. Bí obì ṣe gba pápákọ̀ òfurufú kọjá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwa. Ó gba bébà lọ́wọ́ Ṣèyíọlá, ó fi ẹ̀yìn ọmọ náà ṣe tábìlì, ó kọ lẹ́tà sí Abigail pé òun, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn láti gun òkè wọn àti láti fọwọ́ kan ohunkóhun tí òun bá bá lórí ẹ̀. Ó kọ déètì sí i. Ó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ síbi tí èsì máa gbà. Ó tún fún lẹ́tà náà ní nọ́ńbà fáìlì. Ó ti lẹ́tà àti obì gba ihò ilẹ̀kùn wọlé, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ó yá, a lè máa rọra lọ."

Ibẹ̀ la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ tí a bá ń sọ ìtàn ọkùnrin yìí ní Ọ̀wọ̀. Ẹgbẹ́ ni wá, nítorí náà ẹ má bínú pé n kò pè é ní "wọ́n". Tó bá wà láyé tó gbọ́ pé mo pè é ní "wọ́n", á bi mí pé ta ni ẹnì kejì tí mo rí lẹ́yìn òun.

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kíkí yìí ti bẹ̀rẹ̀ á rò pé wèrè ni. Kì í ṣe wèrè. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ṣe fún ìjọba, ọdún mẹ́rìndínlógójì gbáko, Ìmọ̀rù, Arímọ̀gíjà, Ìjàgbà, kò sí igbó tí kò fi tépù wọ̀n. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, wọ́n rán an lọ sí ẹ̀yìn Arímọ̀gíjà kó lọ ri òpó ìjọba mọ́lẹ̀, àwọn òpó sìmẹ́ńtì kúkúrú tí wọ́n fi ń sàmì sí ilẹ̀. Ojú kán an. Ó wọ oko ẹ̀gẹ́ ìyá kan, Ìyá Ọmọ́báyọ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ri òpó mọ́ àárín ẹ̀gẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó padà débẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ihò ló bá.

Ó wá òpó náà títí. Ó bá a nínú ilé ìdáná Ìyá Ọmọ́báyọ̀, ìkòkò iṣu wà lórí ẹ̀, iná ń jó lábẹ́.

"Mà, ohun ìjọba lẹ fi dáná yìí," ó wí.

"Mo mọ̀," ìyá náà wí. "Ààrò méjì ni mo ní tẹ́lẹ̀. Ìjọba wá fún mi ní ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ dúró kí n dúpẹ́. Ṣé o kò mọ̀ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù ni?"

Ó ní kó jókòó. Ó fún un ní iṣu tí wọ́n fi òpó ìjọba sè. Ó jẹ ẹ́ tán kí ìyá náà tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí onílẹ̀, láti orí ìdọ̀bálẹ̀ dé orí ìbéèrè ọmọ. Ìgbà tó kí i tó pé ló gba òpó rẹ̀, ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Láti ọjọ́ yẹn lọ, Fẹ̀sọ̀jayé kò tẹ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni láì kí i, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi èkejì kún un pé ẹni tó bá wọn ilẹ̀ dé ìdí òpó tí kò fọwọ́ kan òpó, ẹni yẹn kò tíì dé.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ kejì yìí dání o, òun ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí orí òkè. Ohun tí àwọn òyìnbó fi ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n rìn, wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú ló gba Fẹ̀sọ̀jayé. Ṣèyíọlá ní kì í ṣe orúnkún. Ẹnu ni. Gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ ló ń kí, òyìnbó tó bá sì ṣàṣìṣe dá a lóhùn, ó ti wọ gàù. Á béèrè ìyàwó, á béèrè àwọn ọmọ, á béèrè bóyá wọ́n rí òjò lágbègbè wọn. Géètì tóóró kan wà láàárín ọ̀nà tí ẹnì kan ṣoṣo lè gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan. Fẹ̀sọ̀jayé dúró sínú ẹ̀, ó ń bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ àgùntàn, èèyàn mọ́kànlá sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wọn, torí wọ́n rò pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n sún mọ́ téńté orí òkè, ohun tó rí níbẹ̀ mú un dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Òpó sìmẹ́ńtì funfun kan ló dúró síbẹ̀, ó ga dé àyà èèyàn. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún àwọn òyìnbó ló mọ ọ́n láyé àtijọ́, iṣẹ́ kan náà tí òun ṣe ní Arímọ̀gíjà. Ó ní omi lé sí òun lójú. Ó ní ńṣe ló dà bí ẹni pé òun lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, òun wá bá ẹbí.

Ibẹ̀ ni ìtàn máa ń parí tó bá ń sọ ọ́ fún wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ l'Ọ́wọ̀. Àwa la sọ ọ́ ní Olókè nítorí ìtàn yẹn, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Dominic ni.

Ọmọ Ọ̀kà Àkókó ni Dominic. Ó ṣe gíwá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Ọ́wọ̀, Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta láàárín wa, a kì í sì í rántí pé àlejò ni àyàfi tó bá na èèyàn nínú ayò. Orí àpáta ni wọ́n bí i sí.

"Igba mítà ó dín mẹ́sàn-án," Dominic á wí. "Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí wọ́n ń sá ẹ̀lùbọ́ sí ló ga tó yẹn. Ṣùgbọ́n ó dáa. O rí òpó. Ṣé o fọwọ́ kàn án?"

Fẹ̀sọ̀jayé á wo ojú ọ̀nà. Á wo òrùlé. Á wá nahùn sí ìyàwó rẹ̀ nínú ilé. "Fúnmiọlá, omi dà?"

Fúnmiọlá á gbé omi wá nínú ife tánganran aláwọ̀ ewé rẹ̀. Á mu ún tán pátá, á nu ẹnu, á sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọgọ́rùn-ún ìgbà ni Dominic béèrè, ọgọ́rùn-ún ife omi ni wọ́n gbé jáde. Fẹ̀sọ̀jayé kì í purọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà nira fún un. Dominic náà kì í sì í jẹ́ kí nǹkan lọ. "Ẹnu ara rẹ lo fi sọ pé ẹni tí kò bá fọwọ́ kan òpó kò tíì dé," á wí. "Tí o kò bá fọwọ́ kàn án, jẹ́ kí wọ́n gba orúkọ Olókè yẹn lára rẹ. Mo ní àwọn ìbátan l'Ọ́kà tí wọ́n lè lò ó." Àwa á rẹ́rìn-ín. Fẹ̀sọ̀jayé náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún. Gbogbo ọjọ́bọ̀ ló sì ń rìn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ yẹ àpótí rẹ̀ wò. A rò pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni.

Lọ́jọ́ kan ó sú Dominic. Ó ní àpáta kékeré kan wà lọ́nà Ìjàgbà, kí gbogbo wa wọ mọ́tò òun, kí òun lọ fojú ara òun rí bí Fẹ̀sọ̀jayé ṣe ń gun nǹkan. A débẹ̀ láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Fẹ̀sọ̀jayé bọ́ sílẹ̀, ó béèrè ta ló ni àpáta.

Ẹbí méjì ló jáde wá. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń fa àpáta náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọn kì í kí ara wọn lójà. Fẹ̀sọ̀jayé ní kí wọ́n gbé àga wá. Ó gbọ́ tẹnu ẹbí kìíní, ó gbọ́ ti ìkejì, ó yọ tépù nínú àpò, ó wọn ìdí àpáta yí ká. Wọ́n gúnyán. Wọ́n se ẹran ìgbẹ́ sí i. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún, olórí ẹbí méjèèjì ti ń bu omi fún ara wọn wẹ ọwọ́, Dominic sì ti sùn sínú mọ́tò, ó jí, ó tún sùn.

"Bàbá, ẹ lè gùn ún báyìí," ni wọ́n wí. "Àwa méjèèjì la fún yín láyè."

Fẹ̀sọ̀jayé wo òkè, ó wo ikùn ara rẹ̀. "Ẹ ṣé," ó wí. "Àyè tí ẹ fún mi yẹn ti tó mi."

Dominic ń wa mọ́tò títí a fi kọjá Ìmọ̀rù. Ó wá ní, "Mo ti rí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gun òkè. Mo ti rí ẹni tó ń fi ọwọ́ rákò gùn ún. Ìwọ nìkan ni mo rí tó ń fi ẹnu gùn ún, tó tún yó bọ̀."

"Ṣé wọ́n jà lójú ẹ?" Fẹ̀sọ̀jayé bi í.

"Wọn kò jà."

"Ṣé ìyẹn kò ga tó?"

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Orúnkún ló bẹ̀rẹ̀, ó di ọkàn. Dominic ń wá lójoojúmọ́, á gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á máa bá a jà lórí ohun gbogbo, torí ó ní aláìsàn tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ó ti fẹ́ lọ nìyẹn. Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn, ó tún béèrè. Mo wà níbẹ̀.

"Fẹ̀sọ̀. Ṣé o fọwọ́ kan òpó yẹn?"

Fẹ̀sọ̀jayé kò béèrè omi lọ́jọ́ náà. "Lẹ́tà ni mò ń dúró dè," ó wí.

Dominic wò mí. A rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ Túsìdè, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ó kú. Oṣù kejì ọdún 2025 ni, ó pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

Wọ́n ní kí Dominic sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni, àwa sì jẹ́ Áńgílíkà, ṣùgbọ́n ta ni ká tún pè? Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó sọ ti iṣẹ́ ilẹ̀, ó sọ ti Arímọ̀gíjà, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ní ọdún 2023, ọ̀rẹ́ mi lọ sílùú òyìnbó, ó sì gun..." Ó dúró. Ó wo àgbélébùú. Ó tún wo bébà ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo wa mọ ohun tó dá a dúró, kò lè purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ó tún un sọ. "Ó lọ sí ibi òkè kan." Bí àwọn tó jókòó níwájú ṣe ń fi áńkáṣífù bo ẹnu, àlejò á rò pé ẹkún ni.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìsìnkú, Fàthíà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé. Ó mú lẹ́tà kan lọ́wọ́. "Mà," ó wí fún Fúnmiọlá, "lẹ́tà yìí ti rìn ju gbogbo wa lọ." Òǹtẹ̀ orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló wà lára ẹ̀, ìkan lórí ìkan. Nígbà tí Fẹ̀sọ̀jayé kọ àdírẹ́sì rẹ̀ fún Abigail, ó kọ nọ́ńbà àpótí, ó kọ Ọ̀wọ̀, ó kọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó fà á nídìí. Kò kọ Nàìjíríà. Lójú tirẹ̀, ta ni kò mọ Ọ̀wọ̀? Abigail da ohun tó rí kọ gẹ́lẹ́, lẹ́tà sì wọ ayé lọ. Ó lé ní ọdún kan àtààbọ̀ kí ẹnì kan níbì kan tó fi bírò kọ ọ́ sí i lára pé kí wọ́n gbìyànjú Nàìjíríà.

Fúnmiọlá ránṣẹ́ pe Dominic kó wá bá òun kà á, ó ní ojú òun kò tíì gbẹ tó èyí tí òun lè fi kàwé. Dominic wọ awò ojú, ó ń ka gẹ̀ẹ́sì, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún wa. Abigail ní òun lọ kí ọmọ òun lọ́jọ́ tí wọ́n wá, kí wọ́n má bínú. Ó ní àwọn ẹyẹ òun kò ní ìwà. Ó jẹ ọ̀kan nínú èso tí wọ́n fi sílẹ̀, ó korò, ó sì gbádùn ẹ̀ nígbà tó yá. "Ọdún mọ́kànlélógójì rèé tí mo ti wà lórí ilẹ̀ yìí," Dominic kà á jáde. "Gbogbo èèyàn ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kí mi. Kò pọn dandan kí ẹ gba àyè, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ ti béèrè, mo fún yín. Ẹ gun òkè mi nígbà tó bá wù yín, kí ẹ sì fọwọ́ kan ohunkóhun tí ẹ bá rí lórí ẹ̀."

Dominic yọ awò ojú. "Kí ló ń sọ yìí? Àbí kò fọwọ́ kàn án lóòótọ́?"

"Ṣèyíọlá sọ fún mi láti ọjọ́ yẹn," Fúnmiọlá wí. "Ìṣísẹ̀ méje ló kù. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó fà á padà. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn nìyẹn, lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, èsì kò sì tíì dé. Ó ní ojú Ìyá Ọmọ́báyọ̀ ń wo òun."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Tíṣà, ojoojúmọ́ lẹ fi ń ṣe é yẹ̀yẹ́. Ṣé kó wá sọ fún yín pé lẹ́tà ló dá òun dúró?"

Dominic ká lẹ́tà náà, ó tú u, ó tún un ká. Ó dùn ún. Nígbà tó yá ó ní, "Pe ọmọ yẹn fún mi."

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí Dominic ṣe jáde ní ìsìn, ilé Fúnmiọlá ló gbà lọ tààrà pẹ̀lú agbádá ọrùn rẹ̀. A gbé fóònù lé orí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ṣèyíọlá pè wá láti ìlú òyìnbó, a ń rí ojú rẹ̀, a ń rí koríko lẹ́yìn rẹ̀. Dominic ló ń darí ohun gbogbo bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì.

"Ṣé o ti kí onílẹ̀?"

"Mo ti kí wọn, sà. Mo gbé obì fún wọn. Wọ́n wà lẹ́yìn mi níbí." Ìyá àgbà òyìnbó kan yọ orí sínú fóònù, ó juwọ́ sí wa. Gbogbo wa dìde kí i.

Ṣèyíọlá gùn ún. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ lẹ́ẹ̀mejì, Dominic ń bá fóònù jà. Nígbà tó padà dé, òpó funfun náà ló wà níwájú wa, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ṣèyíọlá dúró.

"Ibí ló dé, sà," ó wí.

"Ka ìṣísẹ̀ méje tó kù sókè," Dominic wí.

Ó kà á, oókan, eéjì, títí ó fi pé méje. Ó yọ fìlà bàbá rẹ̀ tó mú lọ lẹ́yìn ìsìnkú jáde nínú àpò, fìlà aṣọ òkè aláwọ̀ aró tí bàbá náà fi ń lọ sí ọ́fíìsì, ó gbé e lé orí òpó náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Fúnmiọlá ń sunkún láìdún.

"Tíṣà," mo wí, "ṣé ó fọwọ́ kàn án?"

Dominic wo ojú ọ̀nà. Ó wo òrùlé. Omi ti dà wálẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kò nù ún.

"Ìyá Ṣèyíọlá," ó wí, "omi dà?"

Fúnmiọlá wọlé lọ. Ife tánganran aláwọ̀ ewé yẹn ló fi bu ú wá fún un, Dominic sì mu ún tán, ó wá gbé ife náà lé orí àga tí Olókè máa ń jókòó sí.